Kí Ẹ Tó Yọ Eyín, Ẹ Fọwọ́ Kan Oríkèé Àgbọ̀n

Ní sáà tó kọjá, obìnrin kan wọlé sí kílíníìkì tí a ti ń kọ́ṣẹ́, ó fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Ó ní eyín ló ń dun òun. Nígbà tó ya ẹnu, a rí i pé àyè méjì ti ṣófo lápá ọ̀tún, níbi tó yẹ kí eyín inú wà. Wọ́n yọ èkíní níbì kan. Nígbà tí ìrora kò lọ, ó gba ibòmíràn lọ, wọ́n tún yọ èkejì. Láàárín méjèèjì, ẹnì kan ti fún un ní oògùn tí wọ́n ń kán sí etí. Ìrora jókòó síbẹ̀, kò mira. Ó wá ń bẹ̀ wá pé kí a bá òun yọ ẹ̀kẹta.

Àwa mẹ́rin la dúró yí àga náà ká, ọdún karùn-ún la wà, a sì ti ń wo eyín kẹta yẹn tìfura-tìfura. A fi irin kàn án, a fi nǹkan tútù dán an wò, a wo X-ray. Kò sí ohun tó ṣe é. Ọ̀gá wa ló dé, tó fi ìka méjì síwájú etí obìnrin náà, tó ní, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya ẹnu díẹ̀díẹ̀.” Bó ṣe ń yà á, àgbọ̀n wọ́ lọ sápá ọ̀tún, nǹkan sì dún pàkà. Ọ̀gá wa tẹ iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, obìnrin náà ta kìjí: “Ibẹ̀ gan-an nìyẹn, dókítà!” Gbogbo rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò sí ẹnì kan nínú àwa mẹ́rin tó ronú pé kí òun fọwọ́ kan ibẹ̀.

Ojú tì wá. Ìtìjú náà ló bí ohun tí a ń kọ yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ẹ̀ka wa, ẹ fi ìka síwájú etí yín kí ẹ ya ẹnu. Ohun tó ń rìn lábẹ́ ìka yín yẹn ni oríkèé àgbọ̀n. Méjì ni, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, eegun kan ṣoṣo ló sì so wọ́n pọ̀, nítorí náà ọ̀tún kò lè ṣiṣẹ́ kí òsì má mọ̀. Kì í kàn ṣí bí ilẹ̀kùn. Ó ń yí, lẹ́yìn náà ó tún ń yọ̀ síwájú, pẹ̀lú awọ pẹlẹbẹ kan tó wà láàárín eegun òkè àti tìsàlẹ̀ bíi tìmùtìmù. Bí tìmùtìmù yìí bá kúrò láyè rẹ̀, oríkèé lè máa dún, nígbà mìíràn ẹnu a há. Ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, iṣan tí a fi ń jẹun gan-an ló ń fa ìrora náà. Dídún nìkan, láìsí ìrora, kì í ṣe ohun tí a ń tọ́jú. Tiwa náà ń dún, a sì ń jẹ àgbàdo sísun láìsí wàhálà.

Ọdún 6 la fi ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ eyín ní Nàìjíríà. A ti fi ọwọ́ ara wa ṣe eyín àtọwọ́dá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A mọ eyín dí, a mọ̀ ọ́n yọ. Oríkèé àgbọ̀n ńkọ́? Lẹ́kíṣọ̀ méjì péré la rí gbà, èkejì sì bọ́ sí òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí iná kò sí, tí ẹnikẹ́ni kò rí àwòrán tí olùkọ́ fẹ́ fi hàn wá. Ike tí aláìsàn ń fi bo eyín sùn, tí wọ́n ń pè ní splint, inú ìwé la ti rí i. Kò sí ẹnì kan ní kíláàsì wa tó ti ṣe ọ̀kan rí.

Àyè tó ṣófo yìí làwọn onítiréníìnì òpin ọ̀sẹ̀ rí kó sí. Ìpolówó wọn ń wọlé sórí WhatsApp wa: ẹ wá kọ́ bí a ṣe ń fi ike tún ìpàdé eyín ṣe, ọjọ́ méjì péré, ìwé-ẹ̀rí ń bẹ, oúnjẹ ọ̀sán wà nínú owó. Wọ́n ní yóò wo orí fífọ́, etí híhó, ọrùn, kódà ẹ̀yìn dídùn. A kò ní gbogbo wọn lòpùrọ́. Àmọ́ ẹni tó ń ta ike, báwo ni yóò ṣe kọ́ ọ ní ọjọ́ tí kò yẹ kí o fún aláìsàn ní ike?

Ọ̀rọ̀ yìí sì ti pẹ́. Ní 1934, James Costen, dókítà etí àti ọ̀fun ní St. Louis ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa aláìsàn 11 tí orí àti etí ń yọ lẹ́nu. Ó ní torí pé eyín ẹ̀yìn wọn ti ká ni, tí àgbọ̀n wá ń tẹ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀yà ara padà fi hàn pé àlàyé náà kò dúró. Ó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣègùn eyín kí ó tó di ìgbà náà. Wọ́n ń lọ eyín tí kò ṣe nǹkan kan, wọ́n ń dé òmíràn ládé, kí òkè àti ìsàlẹ̀ lè pàdé bí wọ́n ṣe rò pé ó yẹ. Eyín tí a bá ti lọ kì í hù padà.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ gbé ìtọ́nisọ́nà jáde lórí ìrora oríkèé àgbọ̀n tó ti di bárakú. Ohun tí wọ́n tì lẹ́yìn gidigidi ni eré ìdárayá àgbọ̀n, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá aláìsàn fọwọ́ tú iṣan, kí wọ́n ràn án lọ́wọ́ láti yí èrò àti ìṣe rẹ̀ nípa ìrora padà, kí wọ́n sì là á lọ́yẹ̀. Ike tó ṣeé bọ́ sílẹ̀, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ fara mọ́ ọn. Èyí tó ń yí ìpàdé eyín padà títí láé, wọ́n kọ̀ ọ́ pátápátá.

Ẹnì kan á ní, bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí lẹ tún ń pariwo splint sí? Àwa fúnra wa jà lórí èyí títí oúnjẹ fi tutù. Ọ̀kan nínú wa ní kí a yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí a ń béèrè. Ohun tó borí ni pé ẹni tó ń pahín keke lójú oorun ṣì nílò ohun tí kò ní jẹ́ kí eyín rẹ̀ jẹ tán, àwọn aláìsàn kan sì wà tí ara ń tù wọ́n bí wọ́n bá lò ó. Lẹ́yìn èyí, tí ilé-ìwé kò bá kọ́ wa, a óò jáde, a óò sanwó fún ọlọ́jọ́ méjì. Ẹni tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ike líle tó bo gbogbo eyín òkè, tó fi bébà aláwọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò títí gbogbo eyín ìsàlẹ̀ fi ń kàn án dọ́gba, tó tún rí aláìsàn náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yóò mọ ìdí tí ike tó bo eyín díẹ̀ péré fi léwu: bí aláìsàn bá ń lò ó ṣáá, eyín a máa ṣí kúrò ní àyè wọn, títí òkè àti ìsàlẹ̀ kò fi ní pàdé dáadáa mọ́.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí fífọwọ́ kan oríkèé àti iṣan àgbọ̀n, àti wíwọn bí ẹnu ṣe ń ṣí tó, di ara àyẹ̀wò gbogbo aláìsàn, kí wọ́n sì máa gbà wá ní máàkì lórí rẹ̀. (Ohun tí kò ní máàkì, ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í kà á.) Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe splint kan, kí ó tẹ̀ lé aláìsàn kan dé òpin. Kí a sì máa bá àwọn physiotherapist jókòó. Ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀ àti ní Èkó, yunifásítì tó ń kọ́ni níṣẹ́ eyín ló tún ń kọ́ni ní physiotherapy, ṣùgbọ́n ìgbà mélòó ni ẹ̀ka méjèèjì ti jọ wo aláìsàn kan ṣoṣo? Aṣọ tí a rì sómi gbígbóná àti eré ìdárayá àgbọ̀n, kò sí èyí tó ń béèrè jẹnẹrétọ̀.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun: Amẹ́ríkà ti ka ìtọ́jú ìrora ẹnu àti ojú sí ẹ̀ka àkànṣe nínú iṣẹ́ eyín láti ọdún 2020. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ nítòsí irú kílíníìkì bẹ́ẹ̀, wákàtí kan lórí Zoom wúlò fún wa ju àpótí irinṣẹ́ lọ.

Obìnrin yẹn padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó ti ń ṣe eré ìdárayá tí wọ́n kọ́ ọ, ó ti jáwọ́ nínú jíjẹ egungun ẹran. Ìrora kò tíì tán, ṣùgbọ́n ó ti ń sùn. Ìka rẹ̀ mẹ́ta ti wọlé sẹ́nu níbi tí méjì kò ti gbà tẹ́lẹ̀. Ó wá bi wá pé, “Dókítà, àwọn eyín mi méjì yẹn ńkọ́?” A ti tẹ ẹnu rẹ̀ láti ṣe àtọwọ́dá fún un. Ìyẹn, wọ́n kọ́ wa dáadáa.

Lẹ́tà wa sí olórí ẹ̀ka ti wà nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ sí i, kí ó wá aṣojú kíláàsì ọdún karùn-ún kí ọjọ́ Ẹtì tó pé.