Ta Ló Ń Bá Ọlọ́run Du Iṣẹ́?

Ẹ̀yin ará, mo ti gbọ́ ọ títí ó sú mi. Bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ ìtọ́jú tuntun tí wọ́n fi ń tún àbùdá ẹ̀jẹ̀ ṣe fún àwọn tó ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde, àwọn kan á ní bíbá Ọlọ́run du iṣẹ́ ni. Ó dáa. Ṣé wọ́n tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀?

Sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀ nínú ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń fà jáde. Wọ́n á gé ibì kan nínú àbùdá rẹ̀, wọ́n á dá a padà sí i lára. Nínú ìyá wa, oríṣi ẹ̀jẹ̀ kan wà tí gbogbo wa lò, tí kì í tẹ̀ bíi dòjé. Lẹ́yìn ìbí, ara á pa á tì. Òun ni wọ́n ń jí padà. Ta ló kọ́kọ́ fún ọmọ náà ní ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún?

Mi ò ní kò léwu o. Oògùn líle tí wọ́n ń kọ́kọ́ lò lè ba ọmọ bíbí jẹ́. Kò sì kan àtọ̀ tàbí ẹyin, nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má tìtorí ẹ̀ sá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Owó ẹ̀ ló yẹ kó bí wa nínú. Ní December 2023 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Casgevy: mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún ẹnì kan ṣoṣo! Bẹ́ẹ̀ Nàìjíríà ni àrùn yìí pọ̀ sí jù lágbàáyé.

Ẹ jẹ́ ká wo tilé. Ní Kaduna wa níbí, ní Barau Dikko, àti ní Kano, wọ́n dán oògùn hydroxyurea wò lára 220 ọmọ tí rọpárọsẹ̀ lè tètè kọlù. Èsì rẹ̀ jáde ní 2022: ní ti dídènà rọpárọsẹ̀, ìwọ̀n kékeré ò gbẹ́yìn èyí tó ju ú lọ. Ẹ̀jẹ̀ inú oyún kan náà yẹn ni kápúsù yìí ń jí! Ẹni tó bá ní ẹ̀ṣẹ̀ ni, kó lọ gbà á lọ́wọ́ ìyá tó ń fún ọmọ rẹ̀ lò. Kò sẹ́ni tó máa dán an wò.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó. Bówó bá tán, oògùn tán. A máa ń béèrè ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ká tó so tọkọtaya pọ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti bí ńkọ́? Mo dá a lábàá pé ká má dá aṣọ ẹgbẹ́jọdá Ìkórè tó ń bọ̀ yìí. Ká kó owó náà sí oògùn àwọn ọmọ SS inú ìjọ wa. Ẹni tó bá lòdì sí i, kó dìde nípàdé kó sọ ìdí ẹ̀.