Èéfín Inú Ilé Ìdáná

Ìwọ òǹkàwé mi, ó ṣeé ṣe kí ilé yín jẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí mọ́tò wà níta, kí tẹlifíṣọ̀n sì wà ní pálọ̀. Ṣùgbọ́n lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kí o wo ibi tí a ti ń dáná. Ní ọ̀pọ̀ ilé, òkúta mẹ́ta ni ìwọ yóò bá níbẹ̀, pẹ̀lú igi tútù tí ń rú èéfín, àti obìnrin kan tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ń fẹnu fẹ́ iná, tí omi sì ń dà lójú rẹ̀. Mo wí i gbangba pé ọkùnrin tí ó ní agbára láti ra sítóòfù gáàsì, tí ó sì fi aya rẹ̀ sílẹ̀ nínú èéfín bẹ́ẹ̀, ìyà ni ó ń fi jẹ ẹ́, bí ó ti wù kí aṣọ tí ó ń rà fún un dára tó.

Àwọn kan yóò dáhùn pé ọbẹ̀ orí igi dùn ju ti gáàsì lọ. Mo ti fetí sí ọ̀rọ̀ yìí pẹ́. Ẹnu àwọn tí ó jókòó sí pálọ̀ ni ó ti ń jáde jù. Ata, iyọ̀, irú àti ọwọ́ ẹni tí ó sè é ni ọbẹ̀ fi ń dùn. (Mo gbà fún ọ pé ìrẹsì òde ìnáwó ní òórùn igi tirẹ̀ tí ó yàtọ̀, ṣùgbọ́n a kì í ṣe ìnáwó lójoojúmọ́.)

Àwọn mìíràn a sì máa wí pé igi ni àwọn ìyá wa àgbà fi dáná, tí wọ́n sì darúgbó. Àwọn tí ó darúgbó nìkan ni wọ́n ń kà. Wọn kò ka àwọn tí ikọ́ pa, wọn kò sì ka àwọn ọmọ ẹ̀yìn tí òtútù àyà mú lọ kí wọ́n tó mọ ìrìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, èéfín inú ilé fa ikú ènìyàn bí 3,200,000 káàkiri ayé. Àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 5 nínú wọn ju 237,000 lọ. Ìdọ̀tí inú èéfín kéré tó bẹ́ẹ̀ tí imú kò lè dá a dúró. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń lọ tààrà. Má sì ṣe rò pé èédú sàn nítorí pé kì í rú èéfín púpọ̀. Afẹ́fẹ́ olóró kan, tí kò ní òórùn, tí kò sì ní àwọ̀, a máa jáde láti inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé àdògán èédú wọ yàrá, tí ó ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé, tí ó sì sùn, lè má jí mọ́.

Òtítọ́ ni pé gáàsì a máa bú gbàmù. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá ń jò, ilẹ̀ ni ó ń wọ́ sí. Nítorí náà ni a fi ń gbé sílíńdà sí ìta, nítorí náà ni a sì fi òórùn burúkú sí i, kí imú lè tètè mọ̀. Bí o bá gbọ́ òórùn náà, má ṣá ìṣáná, má fọwọ́ kan iná mànàmáná. Ṣí ilẹ̀kùn, kí gbogbo ilé bọ́ síta. Ẹni tí ó lè kọ́ mọ́tò wíwà lè kọ́ èyí.

Àwáwí kan ṣoṣo tí mo bọ̀wọ̀ fún ni ti owó. Ẹni tí ń ra igi ìdáná ní díẹ̀díẹ̀ lójúmọ́ kò lè rí owó sílíńdà kó jọ lẹ́ẹ̀kan. Níhìn-ín, ìjọba ni mo ń bá wí. Láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1952, èéfín èédú inú ilẹ̀, irú èyí tí a wà ní Enúgu, dà pọ̀ mọ́ kùrukùru ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ní ọdún 1956, wọ́n ṣe òfin tí ó fún ìjọba ìbílẹ̀ láṣẹ láti yan àdúgbò tí ilé kò gbọdọ̀ ti rú èéfín mọ́. Wọn kò fi ẹrù náà lé onílé nìkan lórí: bí ó bá yí ààrò àtijọ́ rẹ̀ padà sí ti gáàsì tàbí irú mìíràn tí kì í rú èéfín, wọ́n ń dá ó kéré tán ìdá 7 nínú 10 owó náà padà fún un. Wọn kò tí ì rí gáàsì Òkun Àríwá nígbà náà; láti inú èédú ni wọ́n ti ń ṣe èyí tí wọ́n ń lò.

Tiwa wà lábẹ́ ilẹ̀. Kò sí orílẹ̀-èdè tí ó ní i tó Nàìjíríà ní Áfíríkà. Òfin ọdún 1979 sì wí pé, láti ọdún 1984, a kò gbọdọ̀ dáná sun ún lásán níbi tí a ti ń wa epo, àfi pẹ̀lú àṣẹ mínísítà. Iná náà ṣì ń jó lójú ọ̀run títí di òní, obìnrin sì ń ru igi bọ̀ láti oko.