Ààrò Ìyá Mi àti Òṣùwọ̀n Ọ̀làjú

Ní sáà ẹ̀kọ́ tó kọjá, ọmọ SS2 kan dìde nínú kíláàsì físíìsì mi ní Àgbádárìgì, ó bi mí ní ìbéèrè kan tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ó ní òun kà á pé ní ọdún 1964, Nikolai Kardashev, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ nílẹ̀ Soviet, gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ tí a ó fi máa mọ ibi tí ọ̀làjú ẹ̀dá dé. Àwọn tó bá kápá gbogbo agbára tó wà nínú ayé tí wọ́n ń gbé wà ní ipò kìíní. Àwọn tó bá kápá gbogbo agbára oòrùn wọn bọ́ sí ipò kejì. Àwọn tó bá kápá ti gbogbo ìràwọ̀ tó wà lágbo tiwọn ló wà ní ipò kẹta. Carl Sagan, ará Amẹ́ríkà, tún un ṣírò lẹ́yìn náà, ó ní gbogbo ọmọ aráyé pátá kò tíì dé ipò kìíní, nǹkan bí 0.7 la wà.

Ọmọ náà wá ní, "Sà, ládùúgbò tiwa, láti Ọjọ́rú ni iná ti lọ. Ṣé òdo la gbà ni?" Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín, èmi náà ò rẹ́rìn-ín.

Mo fẹ́ dá a lóhùn níbí, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló ń rò bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ri òpó iná mọ́lẹ̀ ní abúlé kan, a ó ní ojú ibẹ̀ ti là. Tí ọmọ wa bá ti Lọ́ńdọ̀nù dé, ohun tó kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé iná kì í lọ níbẹ̀. Gbogbo wa la ti gba òṣùwọ̀n yẹn wọlé láì mọ ẹni tó gbé e wá.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìyá mi ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń yan ẹja ní òdìkejì ọ̀sà, níbi tí igi àgbọn ti tò lọ títí létí òkun. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ààrò amọ̀ róbótó ló ń lò, àwọ̀n irin kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀. Tí àwọn apẹja bá ti gúnlẹ̀, àwa ọmọ la máa ń ṣa èèpo àgbọn láti ìdí igi dé ìdí igi. Èéfín á gba gbogbo àgbàlá. Ìyá mi á máa fi etí ìró nu ojú, á yan ìpele kan tán, á tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn, títí ilẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Lówùúrọ̀, ojú rẹ̀ á pọ́n koko, síbẹ̀ á ru ẹja náà lọ sọ́jà.

Ààrò tó ń lò báyìí yàtọ̀. Onígun mẹ́rin ni, ẹnu méjì ló ní. Àtẹ onípákó ló máa ń tò sórí rẹ̀, tí wọ́n na àwọ̀n wáyà sí nídìí, àtẹ lórí àtẹ, tí ẹja sì kún inú gbogbo wọn. Àwọn àtẹ yẹn fúnra wọn ló di ògiri tí kò jẹ́ kí ooru sá. Iná kékeré nísàlẹ̀, gbogbo ẹja á gbóná. Tó bá yá, á gbé ti ìsàlẹ̀ sókè, á gbé ti òkè wá sísàlẹ̀. Chorkor ni wọ́n ń pè é, orúkọ àdúgbò apẹja kan ní Àkúrá, nílẹ̀ Gánà. Níbẹ̀ ni FAO, àjọ àgbáyé fún oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, àti ilé ìwádìí oúnjẹ ti Gánà ti ṣe é ní nǹkan bí ọdún 1970, pẹ̀lú àwọn obìnrin tó ń yan ẹja níbẹ̀. Èèpo àgbọn tó ń yan apẹ̀rẹ̀ ẹja kan tẹ́lẹ̀ ń yan méjì báyìí. Ìyá mi ń sùn lóru. Ojú rẹ̀ kò pọ́n mọ́.

Ẹ wá gbé òṣùwọ̀n iye agbára lé ìyá mi. Ohun tó ń jó lórí ẹja kọ̀ọ̀kan ti dín kù, nítorí náà ó ti rẹ̀yìn. Ta ló lè wo ojú obìnrin náà kó sọ bẹ́ẹ̀? Kí n má purọ́ mọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé: Leslie White, ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1943, sọ pé àṣà ń ga bí agbára tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò lọ́dún bá ṣe ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé ó tún ń ga bí ọgbọ́n tí a fi ń lò ó bá dára sí i. Apá kejì ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni ìyá mi mọ̀. Òun náà ni a máa ń gbàgbé.

Nǹkan mìíràn tún so wá mọ́ Gánà. Páìpù gáàsì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní Ìtòkì, ìpínlẹ̀ Ògùn, ó gba Àgbádárìgì wọ inú òkun, ó yà sí Kútọnu, Lomé àti Tema, kó tó parí sí Takoradi. Kìlómítà 678 ni gígùn rẹ̀. Ọdún 2003 ni orílẹ̀-èdè mẹ́rin fọwọ́ sí ìwé àdéhùn rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí ni ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì náà wà, kó lè ní ipá tó máa gbé e la abẹ́ òkun kọjá. Agbára tó ń gba abẹ́ ẹsẹ̀ wa lọ kì í ṣe kékeré. Èmi kò bá àwọn tó ń tọ́jú páìpù náà jà. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà ni kí gáàsì kọjá, ó sì ń kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: gáàsì ti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Gánà, ọgbọ́n ààrò ti Gánà wá sọ́dọ̀ wa. Èyí tó yí ayé ìyá mi padà ni ààrò.

Ọ̀nà wa, láti Mile 2 dé Seme, tún jẹ́ ẹ̀rí pé jíjó agbára púpọ̀ kọ́ ni ọ̀làjú. Epo tí danfo ń jó lójú kan nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ náà wà nínú agbára tí wọ́n ń kà pé Nàìjíríà lò. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line, tó ń gbé èrò láàárín Marina àti Mile 2 láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, tó sì ń lo iná mànàmáná, ń ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀ danfo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tó bá dé Okokomaiko bí wọ́n ṣe ṣètò, epo tí a ń jó lórí èrò kọ̀ọ̀kan á dín kù, a ó sì tètè délé bá àwọn ọmọ wa.

Ibi tí òṣùwọ̀n yìí ti dùn mí jù wà ní Gbẹ̀rẹ̀fù. Láyé òwò ẹrú, orí iyanrìn ibẹ̀ ni wọ́n da àwọn ènìyàn wa gbà lọ sínú ọkọ̀ òkun. Kí ni wọ́n rà wọ́n fún? Agbára apá ni. Ènìyàn ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ oko ìrèké ní Brazil àti ní àwọn erékùṣù Caribbean. Mo ti ṣe ìṣirò yìí rí lójú pátákó: géńdé tó ń fi ara ṣiṣẹ́ ń mú nǹkan bí 75 wáàtì jáde. Tó bá ṣe é fún wákàtí mẹ́wàá, kò tó yúníìtì iná kan, ìyẹn ẹgbẹ̀rún wáàtì fún wákàtí kan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, yúníìtì kan di 225 náírà fún àwọn tó wà ní Band A, ìpele àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè lọ́rùn, iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ kò tó 170 náírà. Ẹni tó rà á ló sì máa gba máàkì, nítorí agbára tó kó jọ ń pọ̀ sí i. Òṣùwọ̀n tó lè gbé ẹni tó ra ẹrú ga ju ẹni tí wọ́n tà lọ, n kò ní fi kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni láì sọ àléébù rẹ̀.

N kò yin òkùnkùn o. Mo ti rí nọ́ọ̀sì tó fi eyín di fóònù mú, kí tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lè tàn sí ibi tó ti ń gbẹ̀bí. Òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì lè sọ̀rọ̀ ìtùnú kankan fún aboyún náà, nítorí ẹnu rẹ̀ kò ṣófo. Iná ló yẹ kó wà níbẹ̀, a nílò ju èyí tí a ní lọ, ìlọ́po ìlọ́po. Ẹni tó bá sọ pé àìní wa ni ọgbọ́n wa ń tàn wá jẹ. Ohun tí mo ń bèèrè ni ibi tí iná náà ń bọ́ sí.

Ọ̀làjú ni Yorùbá pè é, ojú tó là. Ní 1845, nígbà tí Àjàyí Crowther wà ní Àgbádárìgì yìí, kò sí wáyà iná kan ní gbogbo etíkun wa. Síbẹ̀, iṣẹ́ tó ṣe lórí èdè wa wà lára ohun tí mo fi ń kọ̀wé sí yín lónìí.

Mo sọ fún ọmọ náà pé kò gba òdo. Mo ní kó lọ sílé lọ ka iye èèpo àgbọn tí wọ́n fi ń yan apẹ̀rẹ̀ ẹja kan, kó sì bi ẹni tó ń yan án bí ojú rẹ̀ ṣe rí láàárọ̀.

Ìdìbò ọdún 2027 ń bọ̀, àwọn olóṣèlú á tún gba ọ̀nà wa wá pẹ̀lú mẹ́gáwáàtì lẹ́nu. Ẹ̀yin ará Àgbádárìgì, ẹ bi wọ́n pé ilé ìwòsàn wo ni iná kò ní lọ lálẹ́ tí aboyún bá dé. Ẹ bi wọ́n pé fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára wo ló máa tutù di àárọ̀. Ẹ ní kí wọ́n dárúkọ abúlé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú wọn.