Ta Ni Ó Yàn Án?

Ní ìsinmi tí ó kọjá, mo wà ní ilé wa ní Agbamu. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn bàbá jókòó síwájú ilé, wọ́n ń ráhùn àwọn olóṣèlú. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìjọba ṣọ́jà ni ó yẹ wá. Ká ní Bámigbóyè wà níbẹ̀ ni, nǹkan kì bá tí bàjẹ́ tó báyìí." Gbogbo wọn ní òótọ́ ni. N kò fèsì, nítorí ọmọdé kì í bá àgbà jiyàn lójú agbo. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn.

N kò bu iyì ọkùnrin náà kù. Ọmọ Òmù-Àrán ni David Bámigbóyè, ọmọ Ìgbómìnà bí tèmi. Nígbà tí Gowon dá ìpínlẹ̀ 12 sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1967, òun ni ó di gómìnà ológun àkọ́kọ́ ní Kwara, ọmọ ọdún 26 péré. Ìgbà tirẹ̀ ni a dá Kwara Polytechnic sílẹ̀. Iṣẹ́ rere kì í parẹ́.

Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: ta ni ó yàn án? Kì í ṣe Òmù-Àrán, kì í ṣe Èsìẹ́, kì í ṣe Agbamu. Àṣẹ kan láti Èkó ni ó gbé e gorí oyè. Ní 1975, àṣẹ mìíràn láti Èkó ni ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ní 1976, ìjọba ológun fúnra rẹ̀ ṣe ìwádìí, ó sì dá ẹni 2 péré láre nínú àwọn olórí ìpínlẹ̀ 12: Mobolaji Johnson àti Oluwole Rotimi. Bí ìdájọ́ náà bá tọ́, níbo ni ìwà mímọ́ ṣọ́jà wà? Bí kò bá sì tọ́, níbo ni ẹni tí a dá lẹ́bi yóò gba ẹjọ́ rẹ̀ lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé ìbọn ni adájọ́?

Àwọn baba ńlá wa ti mọ èyí tipẹ́. Wọn kò jẹ́ kí Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò bá Aláàfin gbé ìlú kan náà. Àfọ̀njá fi agbára ogun kọ̀yìn sí Aláàfin. Agbára ogun náà ni ó pa òun fúnra rẹ̀ ní Ìlọrin, àwa Ìgbómìnà sì jẹ nínú ìyà tí ó tẹ̀lé e. Ẹ wo Bọ́mà náà, níbi tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ti lọ jagun nígbà ogun àgbáyé kejì. Ọ̀gágun Ne Win gba ìjọba ní 1962. Ó di 1988 kí ó tó sọ̀ kalẹ̀. Ní 2021, ọ̀gágun mìíràn, Min Aung Hlaing, tún fipá gbà á.

Wọn yóò ní àwọn olóṣèlú ń ra ìbò. Òótọ́ ni, ìtìjú sì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wá ra ìbò mi ti jẹ́wọ́ pé nǹkan kan wà lọ́wọ́ mi. Mo lè kọ̀ láti tà á. Kí ni ṣọ́jà ń bi mí?

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ pàtẹ́wọ́ fún àwọn ológun ní Mali ní 2020 àti ní Niger ní 2023, ẹ rọra. Bí ọdún mẹ́rin olóṣèlú bá pé, a ó lọ dìbò. Bí ti ṣọ́jà bá pé, ta ni yóò lọ sọ fún un?