Ẹ Béèrè Ibi Tí Oko Ẹ̀ṣọ́ Igbó Wà

Lẹ́tà gbangba sí àwọn aláṣẹ tó ń bójú tó igbó ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì

Ẹ̀yin àgbà wa,

N kò wá fi ẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn. Òfin kan ló ń jẹ mí lọ́kàn.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní Àfikún Karùn-ún, ka òwò àdáni léèwọ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba tí kì í ṣe iṣẹ́ aláàbọ̀ ọjọ́. Iṣẹ́ oko nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Ó bọ́gbọ́n mu. Tíṣà tó lọ kọ ebè lẹ́yìn Ìkẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Sátidé kò pa ẹnikẹ́ni lára, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì tó gbin ẹ̀gẹ́ ní Èmùré.

Ṣùgbọ́n ẹ gbé òfin yìí dé igbó ìjọba tó wà ní Ìsẹ̀, kí ẹ wá wò ó. Ọ̀kan ni igbó yẹn jẹ́ lára ìwọ̀nba díẹ̀ tí ìnàkí ṣì ń gbé ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀yà ìnàkí náà kò sí níbòmíràn láyé ju Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù lọ. Ohun mẹ́ta ló ń fún wọn lọ́rùn níbẹ̀: àwọn agégi, ìbọn ọdẹ, àti oko kòkó tó ń jẹ igbó wọlé.

Oko ni mo wí. Ẹ̀ṣọ́ igbó tó bá ṣí ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun sáàárín ìlú Ìsẹ̀ ti rú òfin, bẹ́ẹ̀ irun orí ènìyàn nìkan ló ń gé. Èyí tó dá oko kòkó sẹ́bàá igbó tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ kò rú òfin òwò àdáni yìí. Bí oko rẹ̀ bá ń sún síwájú lọ́dọọdún, ta ni yóò mú un? Bí aládùúgbò rẹ̀ lóko, tó máa ń bá a fọ́ kòkó, bá wọ igbó lọ gé igi, ṣé òun ni yóò mú onítọ̀hún? Bẹ́nu bá jẹ, ojú a tì.

Mo mọ èsì tí wọn yóò fún mi: nídìí iṣẹ́ ẹni la ti ń jẹ, owó oṣù kò sì tóó gbọ́ bùkátà. Òótọ́ ni, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìdí rèé tí n kò fi ní kí ẹ gba ọkọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́. Ibi tó ń ro ni kí ẹ mọ̀.

Ìpínlẹ̀ kò lè dá tún òfin Nàìjíríà kọ. Ṣùgbọ́n Àfikún yẹn kan náà sọ, ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, pé òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ire ara rẹ̀ forí gbárí pẹ̀lú iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Ẹ dúró lórí èyí, kí ẹ ṣe ìlànà tí yóò wà fún ẹ̀ṣọ́ igbó nìkan. Kí oko rẹ̀ má sí nínú igbó ìjọba, kó má sì bá a pààlà. Kó má lọ́wọ́ nínú òwò apákó tàbí ẹran ìgbẹ́, ìbáà jẹ́ orúkọ ìyàwó ló fi ń ṣe é. Iṣẹ́ yòówù tó bá fẹ́ ṣe lẹ́yìn iṣẹ́, kó kọ ìwé kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnìkan sì lọ fojú rí ibẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹ̀ṣọ́ ẹranko kì í gba iṣẹ́ mìíràn láìjẹ́ pé ọ̀gá fọwọ́ sí i. Kí owó oṣù sì máa wọlé lásìkò, nítorí ìlànà tí a fi lé ẹni tí ebi ń pa lọ́wọ́, ìwé lásán ni.

Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ gba ẹ̀ṣọ́ tuntun, ẹ óò béèrè ìwé ẹ̀rí, ẹ óò béèrè oníduùró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìbéèrè kan sí i: oko yín dà?

Èmi ni tiyín,
Ọmọ gúúsù Èkìtì kan