Ẹ Má Jẹ Àjẹìwẹ̀yìn ní Ilé Oúnjẹ Wa

Ní Prince George's County, ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ jẹun níta kò ní wá ibi tí yóò lọ tì. Langley Park ní pupusa àwọn ará El Salvador àti dosa àwọn ará Íńdíà. Oúnjẹ àwọn ará Korea àti Ṣáínà wà ní College Park. Bí ọkàn ẹni bá sì fà sí iyán, àmàlà tàbí ẹ̀fọ́ rírò, kó yà sí Lanham tàbí Hyattsville.

Ibi tí oúnjẹ ti dùn jù kọ́ la fẹ́ sọ lónìí. Ọ̀rọ̀ owó tí à ń fi sílẹ̀ lórí tábìlì lẹ́yìn tí a bá jẹun tán ni, èyí tí wọ́n ń pè ní tip. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fi dọ́là 20 nínú 100 sílẹ̀ ní ilé oúnjẹ àwọn ẹlòmíràn láìjanpata. Ṣùgbọ́n tí a bá dé ilé oúnjẹ Yorùbá, a di ahun. A ó ní ilé la wà, a ó ní oúnjẹ pẹ́, a ó sì dìde. Èyí kò dára, ó sì yẹ ká jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo òfin. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, owó iṣẹ́ tó kéré jù ní Maryland jẹ́ dọ́là 15 fún wákàtí kan. Síbẹ̀, òfin yọ̀ǹda fún ẹni tó ni ilé oúnjẹ láti san dọ́là 3.63 péré fún òṣìṣẹ́ tó ń gba tip, pé oníbàárà ni yóò fi èyí tó kù kún un. Ti ìjọba àpapọ̀ tilẹ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ: dọ́là 2.13 ni, kò sì tíì yí padà láti ọdún 1991. Lóòótọ́, òfin sọ pé bí tip kò bá mú owó náà pé, ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi kún un. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, tó ń wá owó ilé-ìwé, tí kò fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun, ṣé òun ni yóò lọ bá ọ̀gá rẹ̀ jókòó ṣírò?

Ìtàn ọ̀rọ̀ yìí kan aláwọ̀ dúdú gan-an. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní 1865, ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ gba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú síṣẹ́, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa gbé ara lé ohun tí oníbàárà bá fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Pullman ṣe sí àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń tọ́jú èrò nínú ọkọ̀ ojú irin, títí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ ní 1925, tí A. Philip Randolph sì ṣe olórí wọn. Nígbà tí òfin owó iṣẹ́ wá kan àwọn òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ ní 1966, ó gbà kí tip dúró fún apá kan owó iṣẹ́ wọn.

Àwọn òbí wa á ní àṣà wa kọ́ nìyẹn, òótọ́ sì ni. Lọ́jà wa, ẹni tó ń tà ló ń bu ẹ̀ènì fún ẹni tó ń rà. Níbí, ẹni tó rà ló ń bù ú fún ẹni tó gbé e wá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ bí a ṣe ń fi owó yẹ́ni sí. Ẹ wo gbọ̀ngàn àríyá wa lálẹ́ Sátidé: dọ́là kan-kan tí a ti ṣẹ́ sílẹ̀ là ń ná fún ìyàwó àti olórin títí ilẹ̀ yóò fi kún. Tí a bá lè ná dọ́là 100 fún ẹni tó ki oríkì wa, kí ló dé tí dọ́là 9 fi wúwo lọ́wọ́ wa fún ẹni tó gbé àmàlà gbígbóná wá, tó gbé omi ìfọwọ́ wá, tó tún kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà tó wà lọ́dọ̀ wa?

Àwọn kan ní iṣẹ́ wọn kò yá. Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo bá ń dá tábìlì mẹ́wàá lóhùn, ọ̀gá tí kò gba èèyàn kún un ló jẹ̀bi. Ọ̀gá ni ká lọ bá sọ ọ́, kì í ṣe ká gé owó ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn mìíràn ní kí ló dé tí oníbàárà fi gbọ́dọ̀ san owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ẹlòmíràn. Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, àwọn olùdìbò Washington fọwọ́ sí i pé kí agbanisíṣẹ́ máa san owó iṣẹ́ náà pé díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú náà dín ìlérí náà kù ní 2025. Ẹni tó bá fẹ́ kí òfin Maryland yí padà, kó bá aṣòfin àdúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó sì dìbò. Àìfún ọmọ náà ní nǹkan kò lè yí òfin kankan padà.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn tó ni ilé oúnjẹ pẹ̀lú. Láti 2018, òfin ìjọba àpapọ̀ ti kọ̀ kí ọ̀gá tàbí máníjà fọwọ́ kan tip òṣìṣẹ́. Service charge tí ilé oúnjẹ fúnra rẹ̀ fi kún bíìlì yàtọ̀ sí tip: ilé oúnjẹ ló ni ín, àyàfi tí wọ́n bá pín in. Ẹ kọ ọ́ síta gbangba, kí oníbàárà mọ ẹni tó ń gbowó òun.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí bíìlì bá dé, ẹ kà á. Bí service charge bá wà níbẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó ń gbà á. Bí kò bá sí, dọ́là 45 yóò mú dọ́là 9 dání. Bí ẹ bá tẹ̀lé àwọn àgbà tí kì í fún wọn ní nǹkan, ẹ má bá wọn jà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣáájú, kí ẹ fi owó lé ọmọ náà lọ́wọ́ kí ẹ tó jáde. Àwọn baba wa ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹni tí àpò rẹ̀ kò bá gbé tip lọ́sẹ̀ yìí, kó ra oúnjẹ rẹ̀ lọ sílé, kó fúnra rẹ̀ fọ abọ́ rẹ̀.