Ẹ Jẹ́ Kí A Rí Ìsàlẹ̀ Omi

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé ní Èjìgbò, ní ìhà Ìsọlọ̀, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọjọ́ kan. Mo ń sọ fún un nípa àwọn òyìnbó tí wọ́n ń sanwó fún afinimọ̀nà kí ó lè mú wọn lọ sí etí odò tí ó mọ́ gaara, níbi tí wọn yóò ti máa ju ìwọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí wọn yóò mú ẹja, tí wọn yóò wò ó, tí wọn yóò sì tún dá a padà sínú omi. Ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹni tí ebi kò pa ni í fi ẹja ṣeré. Ní tiwa, kí ni a fẹ́ fi odò ṣe, bí kò ṣe pé kí ó gbá ẹ̀gbin wa lọ?"

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí dé ọkàn, nítorí pé kì í ṣe òun nìkan ni ó ń sọ ọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń sọ ọ́, àwọn onílé ń sọ ọ́, àwọn tí ó ń gbá ilẹ̀ dà sínú gọ́tà nígbà tí òjò bá ṣú ń fi ọwọ́ wọn sọ ọ́. Ìdí nìyí tí mo fi mú kálàmù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ la ọ̀ràn náà yé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní trout. Omi tútù tí ó mọ́ ni ilé rẹ̀. Bí omi náà bá móoru jù, tàbí bí ìdọ̀tí bá pọ̀ nínú rẹ̀, kíkú ni yóò kú. Ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn odò bí Test àti Itchen ń sun láti inú ilẹ̀ ẹfun. Òjò a rọ̀, a sì máa rin inú ẹfun náà wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí yóò bá fi tún yọ ní ojú ìsun, ó ti mọ́ bí omi inú àmù. Apẹja ibẹ̀ kì í fi ekòló sí ìwọ̀. Ìyẹ́ àti òwú ni ó ń wé mọ́ ọn títí yóò fi jọ kòkòrò tí ó bà lé omi. Afinimọ̀nà ni ó mọ irú kòkòrò tí ó jáde ní ọjọ́ náà, òun ni ó sì mọ ẹ̀yìn òkúta tí ẹja fara pamọ́ sí. Ojú ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń wá ẹja kí wọ́n tó ju ìwọ̀ sí i. Ní 1653 ni Izaak Walton ti kọ odidi ìwé kan lórí ìwọ̀ jíjù, wọn kò sì tíì dẹ́kun kíkà á di òní.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò ní kí a lọ kó trout wá sí Èjìgbò. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, orí òkè Atlas ní Morocco àti Algeria nìkan ni a ti bá a gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìbílẹ̀. Àwọn òyìnbó ni ó gbé e dé orí àwọn òkè ilẹ̀ Kenya ní 1905, nítorí pé òtútù wà níbẹ̀. Bí a bá sọ ọ́ sínú omi wa tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò ní pẹ́ kú. Tiwa ni àrọ̀, tiwa ni ẹpìyà, wọ́n sì tó wa. Ohun tí mo fẹ́ kí a yá lò ni òfin tí ó wà lẹ́yìn eré náà: ẹni tí ó ń jẹun lára ẹja tí ó wà láàyè kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tutọ́ sínú odò.

Ǹjẹ́ òfin òyìnbó ni èyí bí? Rárá o. Ẹ bi ará Òṣogbo léèrè ìdí tí wọ́n fi ń pe ọba wọn ní Atáọ́ja. Ìtàn sọ pé ẹja ńlá kan jáde láti inú odò Ọ̀ṣun, ọba sì tẹ́wọ́ gbà á. A-tẹ́wọ́-gba-ẹja ni ó di Atáọ́ja. Ọba kan gba oyè lọ́wọ́ ẹja! Títí di òní, èèwọ̀ ni ẹja pípa nínú igbó Ọ̀ṣun, igbó tí àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Ẹ bi ará Argungu náà ní ìpínlẹ̀ Kebbi. Láti 1934 ni wọ́n ti ń ṣe ọdún ẹja níbẹ̀. Wọ́n a ti odò náà pa títí ọdún yóò fi dé, wọ́n sì ní olóyè kan, Sarkin Ruwa, ọba omi, tí ń ṣọ́ ọ. Ẹbí kankan kò kú nítorí pé a ti odò pa. Ìtìpa náà ni ó jẹ́ kí ẹja tó fún gbogbo wọn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ní ọjọ́ 27, oṣù kìíní, 2002, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà. Àwọn ènìyàn sá. Ìyá gbé ọmọ pọ̀n, bàbá fa ọmọ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sá dé kánálì Òkè-Àfà, ní ààlà Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò. Ewéko olódòdó àlùkò, èyí tí a kọ́kọ́ rí ní ẹ̀bá Badagry ní 1984, ti bo ojú omi náà. Nínú òkùnkùn, ilẹ̀ koríko ni ó jọ lójú wọn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì rì. Ó lé ní 1,000 ènìyàn tí ó kú nínú àjálù náà, inú omi ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn sì kú sí.

Ẹ̀yin ònkàwé mi, n kò sọ pé ewéko ni ó yin bọ́ǹbù. Ṣùgbọ́n mo sọ pé ènìyàn kì í sáré bọ́ sínú odò tí ó rí. Àwọn baba wa ń gbàdúrà pé ojú-oró ní í lékè omi; ní Òkè-Àfà, ohun tí ó lékè omi ni ó pa ọmọ ènìyàn. Ọ̀rẹ́ mi ní a kò nílò omi tí a lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kí ó lọ sọ bẹ́ẹ̀ níwájú òkúta ìrántí tí ó wà ní Òkè-Àfà.

Mo mọ èsì tí wọn yóò fọ̀ fún mi. Wọn yóò ní eré olówó ni, pé ó máa ń ti tálákà jáde. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ etí odò bẹ́ẹ̀ ni ó ní olúwa, aláìlówó kò sì lè ju ìwọ̀ síbẹ̀. Bí ìtọ́jú odò bá di kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọlọ́rọ̀, n kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ẹ̀gbin odò ń pa lára jù? Ṣé ẹni tí ó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí àgbàlá rẹ̀ ni, àbí apẹja tí àwọ̀n rẹ̀ ń kó ike omi dípò ẹja? Odò tí ó bàjẹ́ ti ti tálákà jáde ṣáájú kí olówó kankan tó dé.

Wọn yóò tún ní àwọ̀ wa ni kò jẹ́ kí a mọ ìtọ́jú. Irọ́ ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí mo ń sọ yìí ń bá àwọn ilé iṣẹ́ omi wọn jà lórí ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n ń tú sínú odò. Ọ̀ṣun tiwa, tí a ń bọ, ni àwọn awa-wúrà sọ di omi ẹrẹ̀, tí ariwo rẹ̀ gba ìgboro ní 2021. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá ṣọ́, bíbàjẹ́ ni yóò bàjẹ́, ìbáà ṣe ti dúdú, ìbáà ṣe ti funfun.

Nítorí náà, mo ń béèrè ohun mẹ́ta. Kí a máa kó ewéko àti pàǹtí kúrò nínú kánálì Òkè-Àfà ní ẹ̀ẹ̀rùn gbogbo, kí òjò tó dé. Kí a yan olùṣọ́ omi láàárín àwọn tí ó mọ omi, kí a sanwó fún un, kí ó sì ní àṣẹ láti mú ẹni tí ó bá da ilẹ̀ síbẹ̀. Kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí a ń kọ́ nípa ẹ̀dá máa lọ ka ẹja ibẹ̀ lọ́dọọdún, kí a sì kọ iye rẹ̀ sí gbangba. Ẹja kì í gba rìbá. Bí ó bá wà, omi sàn. Bí kò bá sí, ẹ má fi ìwé ìròyìn ìjọba tàn wá.

Ẹni tí ó da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ̀gbin ni àwa ń dà síwájú ní Èjìgbò, a sì ti rí ohun tí a tẹ̀ ní 2002. Ọjọ́ tí ọmọ ọ̀rẹ́ mi bá lè dúró ní etí kánálì náà, tí ó nawọ́ sí ẹpìyà kan nísàlẹ̀ omi, tí ó sì wí pé, "Bàbá, mo rí i," ọjọ́ náà ni n óò gbà pé a ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún àwọn tí ó kú síbẹ̀.